Bí Occupational Therapy Ṣe Ń Mú Kí Ọmọ Kékeré Lè Dá Nǹkan Ṣe: Ìtọ́sọ́nà fún Òbí

Ìbéèrè tí àwọn òbí ń béèrè jù rèé: "Ọmọ mi ti pé ọdún 3, èmi ni mo ṣì ń wọṣọ fún un. Bó bá mú ṣíbí, ilẹ̀ ni oúnjẹ ń bọ́ sí. Wọ́n ní kí n mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn OT. Kí ni wọ́n máa ṣe fún un, kí sì ni èmi náà lè ṣe nílé?"

Occupational therapy, tí wọ́n ń gé kúrú sí OT, dá lé àwọn iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe láàárọ̀ dalẹ́: ó ń jẹun, ó ń wọṣọ, ó ń fọ ẹnu, ó ń lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ń ṣeré, ó ń mú pẹ́ńsù. Onímọ̀ OT á wo ibi tí iṣẹ́ ti há mọ́ ọmọ lọ́wọ́, á wádìí ohun tó fà á, á sì wá ọ̀nà tí ọmọ á fi lè ṣe é. Ó lè jẹ́ pé ọmọ gan-an ló máa kọ́ ní nǹkan tuntun. Ó lè jẹ́ àga ló máa ní kí ẹ pààrọ̀, tàbí ṣíbí, tàbí bí ẹ̀yin fúnra yín ṣe ń ràn án lọ́wọ́.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ṣeé lò nílé: ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ parí rẹ̀, kí ẹ sì máa yọ ọwọ́ yín kúrò díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí, orí ìyẹn ló dúró lé.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ẹ wá ibi tó ti há

"Kò lè wọ ẹ̀wù" kò tíì tó sọ. Ẹ fojú inú wo ọmọ mẹ́ta. Àkọ́kọ́ kò lè gbé apá kọjá èjìká nítorí iṣan rẹ̀ kò lágbára. Èkejì lè gbé apá dáadáa, àmọ́ kò mọ iwájú ẹ̀wù yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Ẹ̀kẹta mọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kì í gba aṣọ tó bá fún un lọ́rùn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kò lè wọ ẹ̀wù, bẹ́ẹ̀ ohun tí a máa ṣe fún ọ̀kọ̀ọ̀kan kò jọra rárá.

Nítorí náà, fún ọjọ́ 3, ẹ kàn máa wò ó. Ẹ má tètè ràn án lọ́wọ́. Ẹ kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀:

- Ibo gan-an ló dúró sí? (Orí ni kò jáde ni, àbí apá ni kò rí ojú ihò?)
- Kí ló ṣe nígbà tó há? Ṣé ó sunkún ni, ó jù ú nù, ó wojú yín, àbí ó tún gbìyànjú?
- Báwo ló ṣe jókòó? Ṣé ó ń fara ti nǹkan, ṣé ó ń yọ́ sílẹ̀ lórí àga?
- Ṣé ọwọ́ méjèèjì ló ń lò, àbí ọ̀kan kàn wà níbẹ̀ lásán?
- Aago mélòó ni? Ṣé ebi ń pa á, ṣé oorun ń kùn ún?

Bí ẹ bá ní fóònù tó ń ya fídíò, ẹ yà á fún ìṣẹ́jú 1 níbi tó ti ń gbìyànjú. Ẹ máa nílò rẹ̀ bí ẹ bá lọ rí onímọ̀ OT, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ kì í ṣe níwájú àlejò bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé.

Kí la lè retí ní ọjọ́ orí wo?

Ìwọ̀n lásán nìyí o. Ọmọ kan lè fi oṣù mélòó kan yá ju èkejì lọ, kí ara àwọn méjèèjì sì dá ṣáṣá.

- Oṣù 12 sí 18: ó ń fọwọ́ mú oúnjẹ jẹ, ó ń gbìyànjú ṣíbí, ó ń fa ìbọ̀sẹ̀ bọ́.
- Nǹkan bí ọdún 2: ó ń fi ṣíbí jẹun bó tilẹ̀ ń dà á sílẹ̀ díẹ̀, ó ń bọ́ bàtà tí kò ní okùn, ó ń na apá bí ẹ bá ń wọ ẹ̀wù fún un.
- Nǹkan bí ọdún 3: ó ń wọ ẹ̀wù tí kò fún bí ẹ bá bá a kọ ojú rẹ̀ síbi tó yẹ, ó ń gbìyànjú bọ́tìnnì ńlá, ó ń fi àlùmọ́gàjí ṣán etí ìwé.
- Nǹkan bí ọdún 4: ó ń wọ ọ̀pọ̀ aṣọ rẹ̀, ó ń de bọ́tìnnì ńlá, ó ń fọ ọwọ́ ó sì ń nù ún.
- Ọdún 5 sí 7: síìpù, ọ̀bẹ tí kò mú, àti okùn bàtà níkẹyìn.

Bí wọ́n bá bí ọmọ kí oṣù rẹ̀ tó pé, ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n bí i ni kí ẹ ti máa ka ọjọ́ orí rẹ̀ títí yóò fi pé ọdún 2. Ọ̀pọ̀ òbí ń da ara wọn láàmú lásán nítorí pé wọn kò ṣe ìṣirò yìí.

Bíbọ́ aṣọ ló máa ń ṣáájú wíwọ̀ ọ́. Bí ọmọ kò bá tíì lè bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ohun yòówù kí ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́: ẹ tún ìjókòó rẹ̀ ṣe

Àwọn òbí máa ń fo èyí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń mú kí ìyókù ṣeé ṣe. Ẹ wo ọmọ tó jókòó sórí àga àgbàlagbà: ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì, ó fi kọ́ ẹsẹ̀ àga, ìgúnpá rẹ̀ kan wà lórí tábìlì kó má baà ṣubú, èjìká rẹ̀ ti gòkè dé etí. Ọwọ́ tó kù ló fẹ́ fi gbé ṣíbí dé ẹnu. Ara tó ń wá bí kò ṣe ní ṣubú kò lè ráyè kọ́ iṣẹ́ ọwọ́.

1. Ẹ ti ìdí rẹ̀ dé ẹ̀yìn àga pátápátá. Bí àga bá jìn jù, ẹ ká táwẹ́ẹ̀lì tó le sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ má lo tìmùtìmù rírọ̀, yóò rì ni.
2. Ẹ rí i pé ìbàdí, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ ní nǹkan bíi dígírì 90.
3. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ tẹ nǹkan. Bí kò bá kan ilẹ̀, ẹ gbé àpótí tó dúró gbọn-in sábẹ́ rẹ̀.
4. Tábìlì gbọ́dọ̀ bá ìgúnpá rẹ̀ dọ́gba, tàbí kó fi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 5 ga ju ibẹ̀ lọ.

Bí kò bá sí àga tó bá a mu, kó jókòó sílẹ̀, kó fẹ̀yìn ti ògiri. Ìyẹn náà dára, pàápàá fún wíwọṣọ.

Wíwọ ẹ̀wù: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìparí

Bí ẹ bá máa mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí, ẹ mú èyí. Àwọn onímọ̀ OT máa ń kọ́ ọmọ ní ìgbésẹ̀ tó gbẹ̀yìn kí wọ́n tó kọ́ ọ ní èyí tó ṣáájú. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ibi tó le ni ọmọ máa kọ́kọ́ kàn, ó máa rẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin lẹ máa bá a parí rẹ̀. Ohun tó kọ́ lọ́jọ́ náà ni pé Màmá ló ń parí nǹkan. Bó bá jẹ́ òun ló fa ẹ̀wù sílẹ̀ kẹ́yìn, òun ló parí iṣẹ́, lójoojúmọ́.

Ẹ lo ẹ̀wù tí à ń bọ̀ láti orí, tí ọrùn rẹ̀ fẹ̀, tó sì tóbi ju ti ara rẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ rán òwú aláwọ̀ kan sí inú ọrùn ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè dá a mọ̀. Àwọn ìgbésẹ̀ rẹ̀ nìyí:

1. Ẹ tẹ́ ẹ̀wù sórí itan rẹ̀, kí iwájú rẹ̀ dojú bolẹ̀, kí etí ìsàlẹ̀ wà lápá ikùn, kí ọrùn wà lápá orúnkún.
2. Gbé etí ẹ̀wù sókè, ki orí bọ inú rẹ̀.
3. Fà á títí orí yóò fi yọ.
4. Ti apá kan bọ ihò rẹ̀.
5. Ti apá kejì bọ ihò rẹ̀.
6. Fa ẹ̀wù sílẹ̀ dé ìbàdí.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀yin lẹ máa ṣe 1 sí 5, ọmọ á ṣe 6. Nígbà tó bá ti fi ọjọ́ 3 léraléra ṣe 6 láìsí ìrànlọ́wọ́, ẹ dúró ní 4, kó ṣe 5 àti 6. Lẹ́yìn náà 4, 5, 6. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìgbésẹ̀ 2 àti 3 ló máa ń pẹ́ jù, nítorí ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti bò, tí kò rí ohun tó ń ṣe.

Ìgbésẹ̀ 6 yẹn fúnra rẹ̀, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ẹ̀wù ti ká jọ sí abẹ́ abíyá. Ọmọ di iwájú rẹ̀ mú, ó fà á, iwájú délẹ̀, ẹ̀yìn ṣì ká jọ sókè. Ó rò pé òun ti parí. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ẹ mú ọwọ́ rẹ̀ kan, ẹ fi àtàǹpàkò rẹ̀ sínú etí ẹ̀wù, kí àwọn ìka yòókù wà níta, níbi ìhà. Ẹ mú èkejì lọ sẹ́yìn bákan náà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ kàn fi ìka kan kan ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, kó fi rántí pé ẹ̀yìn ṣì kù.

*Bí ẹ ṣe máa yọ ọwọ́ yín*

Ẹ lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ má sì fo ọ̀kan:

1. Ọwọ́ yín wà lórí ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ dúró sí, kí ọwọ́ yín àti tirẹ̀ lè máa lọ síbì kan náà.
2. Ẹ kàn fọwọ́ ti ìgúnpá rẹ̀.
3. Ẹ tọ́ka sí i, tàbí kí ẹ fi ìka kàn án.
4. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan.
5. Ẹ dákẹ́, ẹ kà á láti 1 dé 10 nínú ọkàn yín kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Ìdákẹ́ yẹn le fún òbí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ọmọ tí ẹ rò pé kò mọ̀ ọ́n ṣe sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ bá kà dé 6 tàbí 7. Bí ẹ bá tètè sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ yín gan-an ló máa dí i lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sì máa sọ, kó kúrú, kó má yí padà: "Orí." "Apá." "Fà á." Bí Màmá bá ń sọ "Fà á," tí Bàbá ń sọ "Tún un ṣe dáadáa," tí ìyá àgbà ń sọ "Wọ̀ ọ́ kíá," ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ọmọ ń kọ́ fún iṣẹ́ kan. Kí gbogbo ilé fẹnu kò.

Ìkìlọ̀: bí ó bá fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lábẹ́ tiyín, ẹ fi í sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má fi tipátipá di ọwọ́ ọmọ mú.

*Bí ọwọ́ kan bá le tàbí tí kò lágbára*

Fún ọmọ tó ní cerebral palsy (ìṣòro ọpọlọ tó ń dí iṣan àti ìgbòkègbodò ara lọ́wọ́), tàbí tí ìhà kan ara rẹ̀ kò lágbára, apá tí kò yá ni kó kọ́kọ́ wọ inú ẹ̀wù. Bó bá ń bọ́ ọ, apá tí kò yá ni kó jáde kẹ́yìn. Bí ẹ bá yí i padà, ẹ máa fi ipá tẹ apá tó le, yóò sì dùn ún.

*Ohun tó sábà ń bàjẹ́*

- Ó ń ké bí ẹ̀wù bá bo ojú rẹ̀. Ẹ ṣe apá méjèèjì kọ́kọ́, kí orí jẹ́ ìkẹyìn, kí ẹ sì jọ ka "1, 2, 3" kí orí tó wọlé, kó mọ̀ pé kò ní pẹ́. Bí kò bá tíì gbà, ẹ lo ẹ̀wù tó là níwájú fún oṣù kan.
- Apá rẹ̀ ń gba ihò ọrùn jáde. Ẹ ká apá ẹ̀wù kúrú kí ihò rẹ̀ lè súnmọ́ ọn.
- Àárọ̀ ni ẹ ń kọ́ ọ, ẹ sì ń kánjú. Ẹ gbé e sí alẹ́, nígbà tó bá fẹ́ wọ aṣọ oorun. Láàárọ̀ tí ẹ ń sáré, ẹ wọ̀ ọ́ fún un, kó kàn ṣe ìgbésẹ̀ 6.
- Ó ṣe é lọ́dọ̀ onímọ̀ OT, kò ṣe é nílé. Ẹ̀wù yàtọ̀, ìjókòó yàtọ̀, ìtẹ̀léra yàtọ̀. Ẹ lo irú kan náà níbi méjèèjì.
- Ó ṣàìsàn, ó wá gbàgbé. Ẹ fi ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo padà sẹ́yìn, kì í pẹ́ tó fi ń padà bọ̀ sípò.

Bọ́tìnnì àti síìpù ń tẹ̀ lé ìlànà kan náà. Orí tábìlì ni kó ti kọ́kọ́ kọ́ bọ́tìnnì, níbi tó ti ń rí i, kó má ṣe jẹ́ láyà rẹ̀. Bọ́tìnnì tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 dára fún ìbẹ̀rẹ̀: ẹ tì í dé ìdajì ihò, kó fa ìyókù. Ẹ so òrùka tàbí okùn kékeré mọ́ ẹnu síìpù kó lè rí ibi dì mú. Ní ti bàtà, èyí tí ìdè rẹ̀ kàn ń lẹ̀ mọ́ra ni kó lò títí yóò fi pé ọdún 5 tàbí 6. Kò sí èrè kankan nínú fífi okùn bàtà yọ ọmọ ọdún 3 lẹ́nu.

Ṣíbí

1. Ẹ wá ṣíbí tí ọwọ́ rẹ̀ kúrú, tó sì nípọn. Bó bá tín-ín-rín, ẹ wé aṣọ tàbí fóòmù mọ́ ọn.
2. Ẹ lo abọ́ tí etí rẹ̀ dúró lóòró, kó lè ti oúnjẹ mọ́ ọn. Aṣọ tútù lábẹ́ abọ́ kò ní jẹ́ kó máa yọ̀.
3. Oúnjẹ tó ń lẹ̀ mọ́ ṣíbí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Olómi ló máa kẹ́yìn.
4. Ẹ bu oúnjẹ sí ṣíbí, ẹ jọ gbé e súnmọ́ ẹnu, kí ẹ jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó bá ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5. Òun ló máa gbé e wọlé.
5. Bó bá ti mọ ìyẹn, ẹ tètè jọ̀wọ́ rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bíbù ló máa kọ́ gbẹ̀yìn.

Ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́, tí ebi ṣì ń pa á, ni ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn náà ẹ fún un jẹ kó yó. Bó bá dà á sílẹ̀, ẹ má gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ tí kì í dà á sílẹ̀, inú dídà ló ti kọ́ ọ.

Ìkìlọ̀ tó ṣe pàtàkì: bí ọmọ bá ń wúkọ́, tí ohùn rẹ̀ ń dún bí ẹni tí omi wà lọ́fun rẹ̀, tí omi ń jáde lójú rẹ̀ nígbà tó ń jẹun, tàbí tí àyà rẹ̀ ń ṣàìsàn léraléra, ẹ dá ẹ̀kọ́ ṣíbí dúró. Ó lè jẹ́ pé oúnjẹ ń gba ọ̀nà èémí. Dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i. Ẹ má ṣe fún ọmọ lóúnjẹ níbi tó ti fẹ̀yìn lélẹ̀ láé.

Ọwọ́ tó máa mú pẹ́ńsù

A máa ń tètè gbé pẹ́ńsù lé ọmọ lọ́wọ́ jù. Bí èjìká, ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́ bá dúró dáadáa, ó máa ń rọrùn fún ìka láti ṣiṣẹ́. Ọmọ tí èjìká rẹ̀ kò tíì dúró á fi gbogbo apá kọ̀wé, á tẹ pẹ́ńsù títí ìwé yóò fi ya, ọwọ́ rẹ̀ á sì tètè rẹ̀ ẹ́. Àwọn kan á pè é ní ọ̀lẹ. Kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ẹ fi nǹkan wọ̀nyí ṣáájú, ìṣẹ́jú 10 lójúmọ́ tó:

- Kó rá kòrò gba abẹ́ tábìlì kọjá, kó ti àpótí tó wúwo díẹ̀.
- Kó fún omi jáde lára fóòmù láti inú abọ́ kan sí èkejì.
- Kó fi péègì tí a fi ń sá aṣọ há etí páálí yípo.
- Kó ya ìwé àtijọ́ sí tẹ́ẹ́rẹ́, kó pò amọ̀ tàbí ìyẹ̀fun, kó yí i róbótó.
- Kó ya àwòrán lórí ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri níwájú ojú rẹ̀. Ògiri ń mú kí ọrùn ọwọ́ tẹ̀ sẹ́yìn, bó ṣe yẹ kó rí nígbà ìkọ̀wé.

Bí ẹ bá fún un ní kréyọ́nù, ẹ dá a sí kékeré, sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3. Ọwọ́ dídì kò lè rí kréyọ́nù kékeré bẹ́ẹ̀ gbá mú. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ni yóò fi mú un fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Kò sí ohun èlò olówó gọbọi tó ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún 2 tó ń fi gbogbo ọwọ́ di kréyọ́nù kò ṣẹ̀. Bí ìka mẹ́ta ṣe ń mú pẹ́ńsù sábà máa ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín ọdún 4 sí 6.

Àlùmọ́gàjí: àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ kọjú sókè, lọ́wọ́ méjèèjì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú páálí fẹ́lẹ́ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2, kó lè já ní ẹ̀ẹ̀kan tó bá pa ẹnu àlùmọ́gàjí dé. Ìwé rírọ̀ ń tẹ̀ ni, ó sì ń mú ọmọ bínú. Ọlọ́wọ́ òsì nílò àlùmọ́gàjí ọlọ́wọ́ òsì.

Ní ti ọwọ́ òsì: ẹ má yí ọwọ́ tí ọmọ yàn padà. Ó máa ń hàn láàárín ọdún 2 sí 4, ó sì máa ń dúró gbọn-in bó bá fi máa pé ọdún 6. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 bá ń lo ọwọ́ kan ṣoṣo, tí èkejì máa ń dì pa, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì tàbí ọ̀tún. Ẹ mú un lọ rí dókítà.

Ìkìlọ̀: ohunkóhun tó bá lè gba inú páálí róbótó tó wà láàárín ìwé ìnùdí kọjá lè há ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 lọ́fun. Ẹ má fi í sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kódà fún ìṣẹ́jú kan.

Bí ara ọmọ kì í bá gba nǹkan: fífọ ẹnu

Àwọn ọmọ kan wà tí ìfọwọ́kàn fẹ́ẹ́rẹ́ ń ta bí abẹ́rẹ́ lára wọn. Wọn kì í fẹ́ kí ẹ fọ orí àwọn, kí ẹ gé èékánná àwọn, kí àkọlé inú ọrùn aṣọ kan àwọn. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn ọmọ tó ní autism (ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́, tó ń kan ìbánisọ̀rọ̀ àti ìṣesí), ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn mìíràn náà. Agídí kọ́ ni. Fífọwọ́kàn tó dúró, tó sì rinlẹ̀ máa ń rọ̀ wọ́n lọ́rùn ju fífọwọ́ rà wọ́n lára lọ.

1. Ọjọ́ àkọ́kọ́, kó kàn mú búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ṣeré. Kó fọ ẹnu bèbí ìṣeré rẹ̀, kó fọ ti Màmá.
2. Ẹ fi ìka tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì gbọn-in, lẹ́yìn náà ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kan ètè rẹ̀, ẹ ka 1 dé 3, ẹ mú un kúrò.
3. Eyín iwájú, ẹ ka 1 dé 5.
4. Eyín ẹ̀gbẹ́ kan, lẹ́yìn náà èkejì.
5. Ọṣẹ ìfọyín ló kẹ́yìn: ìwọ̀n ẹyọ ìrẹsì kan fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kékeré fún ọmọ ọdún 3 sí 6.

Ẹ má bọ́ sí ìgbésẹ̀ tó kàn àyàfi tó bá ti fi ọjọ́ 3 gba èyí tó wà níbẹ̀ láìsí ẹkún. Bí ẹ bá ti ka iye tí ẹ sọ, ẹ dúró, kódà bí eyín kò bá tíì mọ́. Ọmọ tó ti rí i pé "5" túmọ̀ sí 5 lóòótọ́ yóò jẹ́ kí ẹ ka 10 lọ́jọ́ mìíràn. Bí ẹ bá tún ka ẹyọ kan kún un lẹ́yìn 5, ẹ ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ìkìlọ̀: bùláńkẹ́ẹ̀tì tó wúwo, tí wọ́n ń tà fún irú àwọn ọmọ báyìí, léwu fún ọmọ kékeré tí kò lè ṣí i kúrò lára fúnra rẹ̀. Ẹ má lò ó láìjẹ́ pé onímọ̀ OT yín ló ní kí ẹ lò ó.

Póò

Ẹ dúró títí ọmọ yóò fi lè wà ní gbígbẹ fún nǹkan bíi wákàtí 2, tó lè jókòó fúnra rẹ̀, tó sì ń fi hàn pé ìlédìí tó rẹ ń ni òun lára. Ìgbà tó dára jù láti gbé e jókòó ni ìṣẹ́jú 15 sí 30 lẹ́yìn oúnjẹ. Ìṣẹ́jú 3 sí 5 ti tó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ nǹkan. Ó máa ń ṣòro fún ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì láti fún inú. Bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá le, tó sì ń dùn ún, ẹ tọ́jú ìyẹn ná. Ọmọ tí ìgbẹ́ ti dùn rí máa ń dì í mọ́ra, gbogbo ẹ̀kọ́ póò á sì já sófo.

Ìgbà wo ló yẹ kí ẹ lọ rí onímọ̀ OT?

Ẹ lọ bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí:

- Ara rẹ̀ rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ tàbí ó le gbandi.
- Kò tíì lè dá jókòó ní oṣù 9, tàbí kò tíì rìn ní oṣù 18 (dókítà náà gbọ́dọ̀ rí i).
- Ó ti pé ọdún 2, kò gbìyànjú láti fi ọwọ́ tàbí ṣíbí bọ́ ara rẹ̀.
- Ó ti lé ní ọdún 3, kò lè bọ́ aṣọ kankan.
- Irú oúnjẹ tó ń jẹ kò pọ̀, ó sì ń dínkù sí i.
- Ariwo, aṣọ tàbí ìfọwọ́kàn ń da ọjọ́ rẹ̀ rú débi pé gbogbo ilé ń yí nítorí rẹ̀.
- Ẹ ti gbìyànjú ohun tó wà lókè yìí fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, kò sì sí ìyàtọ̀.

Ọ̀kan wà tí kò gba ìdúró: bí ọmọ bá ń sọ ohun tó ti mọ̀ ọ́n ṣe nù, bóyá ó ń rìn tẹ́lẹ̀ kò rìn mọ́, ó ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ó dákẹ́, dókítà ni kí ẹ mú un lọ rí lọ́sẹ̀ yìí kan náà.

*Ohun tí ẹ máa mú lọ*

- Káàdì ìbí àti ti abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀
- Fídíò oníṣẹ́jú 1 yẹn, ọ̀kan nídìí oúnjẹ, ọ̀kan níbi ìwọṣọ
- Ṣíbí, bàtà àti ẹ̀wù tó ń lò lójoojúmọ́
- Ohun ìṣeré kan tó fẹ́ràn
- Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ kó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣe

Ní ìpàdé àkọ́kọ́, eré ló máa dà bíi pé wọ́n ń ṣe. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Bí ọmọ ṣe ń to búlọ́ọ̀kù, tó ń gun àga, tó ń ṣí ìdérí, ni onímọ̀ OT fi ń rí agbára iṣan, ìdúró ara, àti bí ojú àti ọwọ́ ṣe ń bá ara wọn ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó jọ fẹnu kò lórí ohun tí ẹ ń lé. "Kó túbọ̀ máa ṣe dáadáa" kò ṣeé wọ̀n. Ẹ ní kó kọ ọ́ báyìí: "Láàárín ọ̀sẹ̀ 6, yóò wọ ẹ̀wù fúnra rẹ̀ ní alẹ́ 4 nínú 5, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án."

Ìpàdé kan sábà máa ń gba ìṣẹ́jú 30 sí 60, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ yòókù nínú ọ̀sẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Kí ẹ tó jáde, ẹ bi í ní nǹkan mẹ́ta: Ìgbésẹ̀ wo ni a wà báyìí? Ọ̀rọ̀ wo lẹ ń lò fún un, kí àwa náà lè máa lò ó? Kí la máa rí tí a ó fi mọ̀ pé ó tó àkókò láti yọ ọwọ́? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ọmọ ti ń wọṣọ, kí ẹnikẹ́ni tó bá wà pẹ̀lú rẹ̀ lálẹ́ náà lè kà á.